Kíkó Ará Ilé Sá Eré Peachtree

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹrin oṣù Keje lọ́dọọdún, kí oòrùn tó ràn dáadáa, títì Peachtree ní Atlanta á ti kún fọ́fọ́. Ọjọ́ òmìnira Amẹ́ríkà ni. Iṣẹ́ ò sí, ilé-ìwé ti tì, Màmá ti ti Ìbàdàn dé wá wo àwọn ọmọ-ọmọ, gbogbo ilé pé. Bí ìdílé kan bá máa sáré pọ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ọjọ́ náà nìyẹn. Kìlómítà mẹ́wàá ni eré ọ̀hún, tó jẹ́ máìlì mẹ́fà àti díẹ̀. Lọ́dún 1970 tí Tim Singleton dá a sílẹ̀, èèyàn 110 ló sá a. Ní báyìí, lọ́dún tí èrò bá ya síbẹ̀ dáadáa, wọ́n máa ń tó 60,000.

Ẹ má jẹ́ kí èrò yẹn já yín láyà. Díẹ̀ nínú wọn ló ń sá eré owó. Joseph Kimani, ọmọ ilẹ̀ Kẹ́ńyà, fi ìṣẹ́jú 27 àti ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rin sá a lọ́dún 1996. Irú àwọn bẹ́ẹ̀ á ti parí eré, wọn á ti wẹ̀, kó tó kan ìdílé yín láti gbéra. Orí ìwé yìí ò bá wọn wí. Àwọn tí a ń bá sọ̀rọ̀ ni bàbá tí ikùn ti ń yọ, ìyá tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́ ní ilé ìwòsàn, àti àwọn ọmọ tí wọ́n rò pé eré ò lè rẹ àwọn láéláé.

Ta ni yóò dúró ti ta ni?

Kí ẹ tó sọ̀rọ̀ bàtà, ẹ jókòó yanjú ìbéèrè yìí. Ọ̀pọ̀ ìdílé ni eré yìí ti dá ìjà sílẹ̀ láàárín wọn, kì í sì í ṣe ẹsẹ̀ ló ń fà á. Nínú ilé wa, àgbà ló ń ṣíwájú. Títì ò mọ àgbà. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún tó ń sáré fún ilé-ìwé rẹ̀ á fi bàbá rẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n tó rin máìlì kan. Bí bàbá bá kọ̀ tó ń lé e, kò ní pẹ́ jẹ gbèsè rẹ̀, nítorí òkè ń dúró dè é níwájú. Bí ọmọ bá sì dín eré kù nítorí bàbá, tí kò sẹ́ni tó bá a sọ ọ́ tẹ́lẹ̀, á máa yínmú láti Lenox tí eré ti ń bẹ̀rẹ̀ títí dé Piedmont Park tó ti ń parí.

Ọgbọ́n tó wà ńbẹ̀ ni kí ẹ pín ara yín sí méjì-méjì, kí ẹ fi ẹsẹ̀ pín in, kí ẹ má fi ọjọ́ orí pín in. Ẹni tó yá pẹ̀lú ẹni tó yá, ẹni tó rọra pẹ̀lú ẹni tó rọra. Nínú méjì kọ̀ọ̀kan, ẹni tó lọ́ra jù ló ni eré. Bó bá ní ká rìn, a ó rìn. Èkejì ò gbọdọ̀ máa sá ṣíwájú ní ẹsẹ̀ mẹ́wàá kó wá máa bojú wẹ̀yìn. Ìyẹn a máa bí ẹni ẹ̀yìn nínú ju kí wọ́n kúkú fi í sílẹ̀ lọ. Àwọn ìdílé kan máa ń fẹ́ kí gbogbo wọn sá a pọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ó wuyì nínú fọ́tò. Ṣùgbọ́n èèyàn mẹ́fà tó dì mọ́ra láàárín irú èrò yẹn á kàn máa dínà fún ẹlòmíràn ni.

Ọ̀rọ̀ bàbá wá kù. Ta ló fẹ́ sọ fún Dádì níwájú ìyàwó rẹ̀ pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wúwo? Ẹ fi ọ̀rọ̀ náà sí ọmọ lẹ́nu. Ẹ fún èyí tó bá Dádì rìn ní aago ọwọ́, kó jẹ́ òun ni yóò máa pe ìrìn. Bí aago bá ti dún, á ní:

“Dádì, ẹ jẹ́ ká rìn díẹ̀.”

“Ó ti rẹ̀ ọ́ ni?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

Ẹsẹ̀ Dádì á sinmi, iyì rẹ̀ á sì wà níbi tó wà. Ìrìn yìí kì í ṣe ẹ̀tàn ọ̀lẹ o. Jeff Galloway, tó gba ipò kìíní nígbà àkọ́kọ́ tí wọ́n sá Peachtree, tó sì tún bá Amẹ́ríkà lọ sí ìdíje Òlíńpíìkì 1972, ló sọ ọ́ di ẹ̀kọ́ tí ayé ń lò: sá díẹ̀, rìn díẹ̀, tún sá, láti ìṣẹ́jú àkọ́kọ́, kí ó tó rẹ̀ ọ́. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í gbọ́ nìyẹn. Ẹni tó dúró kó rẹ̀ ẹ́ pátápátá kó tó rìn, ìrìn ò ṣàǹfààní fún un mọ́. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, kó sá ìṣẹ́jú kan, kó rin ìṣẹ́jú kan. Bí ara bá ti ń gbà á, kó sá méjì, kó rin ọ̀kan.

Orúkọ, ọjọ́ orí àti ìsọ̀rí

Ẹgbẹ́ Atlanta Track Club ló ń ṣètò eré náà. Oṣù mélòó kan ṣáájú eré ni wọ́n máa ń ṣí ìforúkọsílẹ̀. Àyè dájú fún ọmọ ẹgbẹ́ tó bá tètè forúkọ sílẹ̀. Ẹni tí kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́, wọ́n lè ṣẹ́ kèké fún un. Nítorí náà, kí ẹnì kan ṣoṣo forúkọ gbogbo ilé sílẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Ẹ má jẹ́ kí kálukú lọ ṣe tirẹ̀, kí kèké má bàa mú ìyá kó fi ọmọ sílẹ̀.

Ọmọ tí kò bá tíì pé ọdún mẹ́wàá kò lè sá eré ńlá yìí. Tiwọn ni Peachtree Junior, tí wọ́n máa ń ṣe ní Piedmont Park ní ọjọ́ kẹta oṣù Keje, kò sì gùn. Ẹ mú wọn lọ síbẹ̀, wọn á gba ẹ̀wù tiwọn, wọn ò sì ní sunkún lọ́jọ́ kejì.

Ìsọ̀rí-ìsọ̀rí ni wọ́n fi ń tú àwọn èrò sílẹ̀, lẹ́tà A ló ń ṣíwájú. Ẹni tó bá ti sá kìlómítà mẹ́wàá dáadáa níbòmíràn á bọ́ síwájú, ẹni tí kò bá ní àkókò tó lè fi hàn á bọ́ sẹ́yìn. Ẹni iwájú lè bọ́ sí ẹ̀yìn láti bá ará ilé rẹ̀ dúró, ṣùgbọ́n ẹni ẹ̀yìn ò lè bọ́ síwájú. Bí ẹ bá fẹ́ jọ gbéra, ọ̀dọ̀ ẹni tó kẹ́yìn jù ni gbogbo yín ó lọ.

Ẹ̀jẹ̀ kí ó tó kan ẹsẹ̀

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ níbí, torí àwọn ìwé eré sísá tí òyìnbó kọ kì í fi bẹ́ẹ̀ dé ìdí ọ̀rọ̀ yìí, àwa ló sì kàn jù. Nínú ọmọ Nàìjíríà mẹ́rin, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ẹyọ kan ní ẹ̀jẹ̀ AS. Nígbà ìgbéyàwó nìkan ni a máa ń bèèrè rẹ̀, bí wọ́n bá ti ṣègbéyàwó tán, a gbàgbé. AA ló ń jẹ́ “kò sí ìṣòro,” SS ló ń jẹ́ “àìsàn,” AS wá dà bí ẹni tí kò sí níbẹ̀. Òótọ́ ni pé ẹni tó bá jẹ́ AS kò ṣàìsàn. Ṣùgbọ́n bí ó bá sá eré àsápajúdé nínú ooru, tí omi ti gbẹ lára rẹ̀, tí kò sì tíì fi ara kọ́ ọ, ẹ̀jẹ̀ pupa rẹ̀ lè tẹ̀ bí dòjé, kó dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ nínú iṣan, kí iṣan bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́. Ó ti pa àwọn ọ̀dọ́ eléré ìdárayá àti ọmọ ogun ní Amẹ́ríkà.

Èyí kò ní kí AS má sáré. Ohun tó ń fẹ́ ni sùúrù: kó fi ọ̀sẹ̀ púpọ̀ gbaradì, kó máa mu omi, kó máa rìn láàárín eré, kó má sì ṣe fi ara lé òkè bí ẹni tí ajá ń lé. Bí itan tàbí ẹ̀yìn bá ń ro ó, tí ó sì ń ṣe é bí ẹni pé agbára ń fò lọ, kó dúró. Kó má wò ó pé ẹsẹ̀ kàn fẹ́ há ni. Kó sọ fún dókítà tó bá bójú tó o lójú ọ̀nà pé AS ni òun. Ẹni SS, kó kọ́kọ́ lọ rí dókítà rẹ̀. Bí dókítà bá ní rárá, iṣẹ́ pọ̀ fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, kò ní ṣòfò. Àwọn ọmọ tí a bí síbí, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò mọ irú ẹ̀jẹ̀ wọn. Ilé ìwòsàn ti yẹ̀ ẹ́ wò nígbà tí a bí wọn, ìwé rẹ̀ ló sọnù. Ẹ wá a.

Ti àgbàlagbà ni ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà. Àwọn oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan máa ń mú èèyàn tọ̀ púpọ̀, wọ́n ń gbẹ omi ara. Àwọn mìíràn kì í jẹ́ kí àyà lù kíákíá, nítorí náà, ẹ má fi ìlù àyà díwọ̀n eré. Ẹ bi dókítà nípa wọn ní oṣù Kẹrin, ẹ má dúró di oṣù Keje. Ẹ má sì fúnra yín fo oògùn láàárọ̀ eré.

Ọ̀sẹ̀ méjìlá

Ẹni tí kò sáré rí, tó lè fi wákàtí kan rìn dáadáa, ọ̀sẹ̀ méjìlá tó o. Ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀: ìdajì wákàtí lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọ̀sẹ̀, kí ti Sátidé gùn díẹ̀-díẹ̀ títí yóò fi tó máìlì márùn-ún tàbí mẹ́fà. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ jẹ́ kí ti Sátidé jẹ́ ti gbogbo ilé, torí níbẹ̀ ni ẹ ó ti mọ ẹni tó bá ta ni mu.

Oòrùn ló nílò ètò tirẹ̀. Ara máa ń gba nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá sí mẹ́rìnlá kó tó mọ bí a ti ń sáré nínú ooru. Láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn ni òógùn á bẹ̀rẹ̀ sí í tètè jáde, tí iyọ̀ inú rẹ̀ á dín kù. Nítorí náà, láti àárín oṣù Kẹfà, ẹ fi ẹ̀rọ ìsáré inú ilé eré ìdárayá sílẹ̀, ẹ jáde síta. Mo sì mọ ohun tí àwọn kan fẹ́ wí: “Ìbàdàn ni mo dàgbà sí, kí ni ooru Atlanta fẹ́ fi mí ṣe?” Ara kì í pa ìyẹn mọ́. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lábẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù ti tó láti gbà á padà. Màmá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ọ́lẹ̀ nínú ọkọ̀ òfuurufú lè yá ju ẹ̀yin lọ nípa ti ooru.

Bàtà kánfáàsì tí ẹ máa wọ̀, ẹ gbọdọ̀ ti fi sáré fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹni tó bá fi bàtà tuntun sá Peachtree, ẹ̀yìn gìgísẹ̀ ni yóò fi sanwó. Ẹ fi aṣọ òwú sílẹ̀ nílé, ó ń fa òógùn mu, ó ń wúwo. Ẹ fi Vaseline pa abẹ́ apá àti àárín itan, pàápàá ẹni tó bá sanra.

Oúnjẹ alẹ́ ọjọ́ kẹta

Àwọn ọ̀rẹ́ ń dáná láti ọjọ́ kẹta. Ẹran sísun ti wà, ata ti wà. Ẹ sún un di ọ̀la. Lálẹ́ tó ṣáájú eré, oúnjẹ tí ikùn yín ti mọ̀ ni kí ẹ jẹ, kí ata rẹ̀ mọ níwọ̀n: iṣu sísè pẹ̀lú ẹyin, ìrẹsì funfun pẹ̀lú ọbẹ̀ tí kò ta. Ẹ yẹra fún ẹ̀wà àti mọ́ínmọ́ín. Mo fẹ́ràn mọ́ínmọ́ín bí mo ti fẹ́ràn ìyá mi, ṣùgbọ́n ilé ìgbọ̀nsẹ̀ onípiláásítíìkì tó wà níbi ìbẹ̀rẹ̀ eré, ìlà rẹ̀ gùn. Láàárọ̀, ògì tó ṣàn pẹ̀lú àkàrà díẹ̀ kò burú fún ẹni tó ti ń jẹ ẹ́ ṣáájú eré Sátidé. Búrẹ́dì àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ ló rọrùn jù fún àwọn ọmọ. Kó tó wákàtí méjì kí ẹ tó gbéra.

Ẹ ti pín nọ́ńbà àyà fún kálukú lálẹ́ yẹn. Ẹ tẹ́ ẹ̀wù sórí tábìlì, ẹ gún píìnì mẹ́rin sí igun nọ́ńbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ohun tín-ín-rín tó ń ka àkókò wà lẹ́yìn ìwé náà, ẹ má ká a. Ẹ̀yìn rẹ̀ kan náà ni àyè wà láti kọ orúkọ ẹni tí wọ́n lè pè, àti àìsàn tàbí oògùn. Ibẹ̀ ni kí ẹ kọ AS sí. Kí ọmọ kọ nọ́ńbà fóònù ìyá rẹ̀ sí apá pẹ̀lú báírò, torí fóònù lè kú, òógùn kì í tètè pa báírò rẹ́.

Títì Peachtree fúnra rẹ̀

Ẹ má gbé ọkọ̀ lọ. Wọ́n á ti dí títì, kò sí ibi tí ẹ ó gbé e sí. Rélùwéè MARTA ló ń kó èrò lọ sí ibùdókọ̀ Lenox àti Buckhead lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ ti gba káàdì MARTA ní ọjọ́ tó ṣáájú, kí ẹ fowó sí i fún lílọ àti àbọ̀. Màmá àti àwọn ọmọ kékeré kò gbọdọ̀ bá yín lọ sí Lenox, wọ́n á sọnù síbẹ̀. Ibùdókọ̀ Arts Center tàbí Midtown ni kí wọ́n sọ̀ sí, kí wọ́n gbé àga kékeré, kí wọ́n wá ibòji. Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa rí yín nígbà tó bá ti rẹ̀ yín, ìgbà náà ni orúkọ èèyàn máa ń dùn létí.

Láàárọ̀, ìwọ̀n ooru máa ń wà láàárín 70 sí 75 nínú ìwọ̀n Fahrenheit. Kò dà bí ohun tó pọ̀, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ Atlanta kún fún omi. Òógùn kì í gbẹ lára, ó kàn ń ṣàn, bí kò bá sì gbẹ, kò lè tu ara. Ẹ wo àwọn àsíá ojú ọ̀nà. Àwọ̀ ewé ní kò séwu, ìyeyè ní kí ẹ rọra, pupa ní kí ẹ rọra gan-an, dúdú ní eré parí. Bí ó bá di dúdú, kí bàbá má ní òun ti sanwó.

Máìlì mẹ́ta àkọ́kọ́ ń sọ̀ kalẹ̀. Ìjàǹbá rẹ̀ nìyẹn. Gbogbo ayé ń yára, ẹsẹ̀ ń gbé ara rẹ̀, orin ń dún láti ẹ̀gbẹ́ títì. Ẹ mú ẹsẹ̀ dání. Ẹ dán ara yín wò báyìí: bí ẹ̀yin àti ẹnìkejì yín ò bá lè sọ gbólóhùn kan parí láì mí hẹlẹ-hẹlẹ, ẹ ti yára jù. Níwájú ìjọ Cathedral of St. Philip, àlùfáà máa ń wọ́n omi mímọ́ sí àwọn tó ń kọjá. Mùsùlùmí pẹ̀lú máa ń yà sábẹ́ rẹ̀. Omi tútù ni, ooru ò mọ ẹ̀sìn.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti kọjá odò Peachtree ni Cardiac Hill bẹ̀rẹ̀. Ọgbà ìwòsàn Piedmont ló wà lórí òkè náà, ẹ mọ ìdí tí wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Ó tó nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin máìlì. Ẹ má wò ó láti ìsàlẹ̀. Ẹ wo ẹ̀yìn ẹni tó wà níwájú yín, ẹ ká ìgbésẹ̀ kò, ẹ jẹ́ kí ọwọ́ máa fì, ẹ rìn. Ẹ̀ẹ́ rí àwọn ọ̀dọ́kùnrin tó ń fò gòkè. Ẹ óò bá wọn níbi tí wọ́n ti fọwọ́ lé eékún. Níbi tí òkè náà ti ń parí ni Shepherd Center wà, tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tí ọ̀pá ẹ̀yìn wọn ṣèṣe. Àwọn aláìsàn máa ń jáde lórí kẹ̀kẹ́ wọn wá máa pàtẹ́wọ́ fún àwọn tó ń sáré. Ilé ìwòsàn yẹn kan náà ló wà lẹ́yìn eré àwọn oníkẹ̀kẹ́ arọ, tó máa ń ṣíwájú ti ẹlẹ́sẹ̀. Mo ṣì ń wá ẹni tó máa ráhùn pé ẹsẹ̀ ń dun òun níbẹ̀.

Cardiac Hill kọ́ ni òkè tó kẹ́yìn. Títì ṣì ń gòkè, ń sọ̀ kalẹ̀ títí dé Midtown, ooru sì ti ń le. Ní ibi omi kọ̀ọ̀kan, ẹ mu bí òùngbẹ bá ti gbẹ yín, kí ẹ da ìyókù sórí àti sí ọrùn. Ẹ má mu ún bí ẹni tí wọ́n ní kó mu ún tán, torí omi tó pọ̀ jù ń la iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀, ó sì léwu.

Bí ẹnìkejì yín bá ń sọ ọ̀rọ̀ tí kò bá ara mu, tó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, tàbí tó ń bì tí ara rẹ̀ gbóná girigiri, eré parí fún ẹ̀yin méjèèjì. Ẹ gbé e sí ibòji, ẹ pe àwọn oníṣègùn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, kí ẹ máa da omi tútù sí i lára kí wọ́n tó dé, kí yìnyín wà ní ọrùn, abẹ́ apá àti àárín itan. Ẹ má rọ omi sí i lẹ́nu bí kò bá mọ ibi tó wà. Ẹ má dúró gbàdúrà kí ẹ tó pè. Ẹ lè máa ṣe méjèèjì pọ̀.

Lẹ́yìn ìlà

Ẹ yí sí 10th Street, ó kù díẹ̀ nìyẹn. Ẹ má dúró lójijì lẹ́yìn ìlà. Ẹ rìn, kí ẹ̀jẹ̀ má bàa wọ́ sísàlẹ̀ kí òòyì kọ́ yín. Ẹni tó parí nìkan ló ń gba ẹ̀wù, àwòrán rẹ̀ ń yí lọ́dọọdún. Ìwọ̀n ẹ̀wù tí ẹ bá kọ nígbà ìforúkọsílẹ̀ ni wọ́n máa fún yín, nítorí náà, fún ọmọ tó ń dàgbà, ẹ kọ èyí tó tóbi díẹ̀.

Fóònù kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ nínú èrò yẹn. Ẹ ti fẹnu kò sí ibì kan nínú Piedmont Park tó jìnnà díẹ̀ sí ìlà, ẹ fi igi kan tàbí ẹnu ọ̀nà kan ṣe àmì, kí ẹ sọ wákàtí tí ẹni tó kẹ́yìn á dé. Ẹni tó ṣíwájú ò gbọdọ̀ padà lọ wá ẹni ẹ̀yìn. Yóò di ẹni méjì tí a ń wá. Láti ibẹ̀, ẹ rìn lọ sí ibùdókọ̀ Midtown, ẹ wọ MARTA padà sílé. Ẹran sísun tó ti ń dúró láti àná, ẹ lè lọ kọ́jú sí i báyìí. Lọ́jọ́ karùn-ún, ẹni tí yàrá rẹ̀ wà lókè ni kó fi ẹ̀yìn sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, itan ò ní dùn ún tó bó bá fi iwájú sọ̀ ọ́.